Bí A Ṣe Ti Ọ̀kadà Oníná Dé Ìyànà Ọ̀fà

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi bọ̀rọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ pe àwa àgbẹ̀ sí ìpàdé ní Ìyànà Ọ̀fà: ṣé kí ìjọba máa san lára owó ọ̀kadà oníná, kí mẹ̀kúnnù lè rí i rà? Èmi ni ẹgbẹ́ wa ní kí n sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ kì í sì í sú mi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo fẹ́ kó ṣeé ṣe, torí owó epo ti ń jẹ èrè ẹ̀gẹ́ tí mò ń gbé lọ sọ́jà.

Àbúrò mi tó ń gbé Olódò ní ọ̀kan. Mo yá a, kí àwọn aláṣẹ lè fojú rí i. Ó ní kí n gba iná sí i, ṣùgbọ́n iná ò dé mọ́jú. Mo ní èyí tó kù nínú bátìrì á gbé wa dé.

Bàbá ọkọ mi ní àwọn náà ń lọ. Wọn ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ náà rárá.

"Iná tí a fi ń rí ojú ara wa ò sí," wọ́n ní, "ọ̀kadà lẹ tún fẹ́ fi í bọ́."

"Bàbá, ẹ ṣáà gun ẹ̀yìn."

Ọ̀kadà yìí kì í dún. Ewúrẹ́ tó sùn sójú ọ̀nà ò gbọ́ wa. Mo wá fèrè títí, iná iwájú ni mo tàn. Bí mo ṣe yà fún un, ó di inú oko olóko.

A jáde síbi tí àwọn obìnrin kan ti ń bó ẹ̀gẹ́. Wọ́n kẹ̀yìn sí wa, wọn ò sì gbọ́ wa. Ìyá Sùbédà, ọ̀rẹ́ mi, ló ń sọ̀rọ̀.

"Òun ni wọ́n ní kó lọ bá ìjọba sọ̀rọ̀? Kí ìjọba tó bá a ra ọ̀kadà, kí wọ́n kọ́kọ́ bá a wá ọmọrí sẹ́nu."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Mo tẹ bíréèkì lójijì, wọ́n yọ̀ bọ́ lẹ́yìn mi, ó di inú ọpọ́n tí wọ́n rẹ ẹ̀gẹ́ sí. A fà wọ́n jáde, wọ́n ń rùn bíi fùfú, wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín.

A ò tíì gun òkè tó tẹ̀ lé e tán tí bátìrì fi kú. Ìyá Sùbédà àtàwọn yòókù ló wá bá mi tì í. Bàbá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

"Lóòótọ́ ni kì í mu epo," wọ́n ní. "Òógùn èèyàn ló ń mu."

Ìpàdé ti ń parí lọ nígbà tí a dé. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kó jọ ti fò lọ, mo kàn ń mí gúlegúle.

"Ẹ bá wa san lára owó rẹ̀," mo ní. "Ó máa ràn wá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣe ibi tí a ó ti máa gba iná sí i, kódà kó jẹ́ iná oòrùn. Títì ni a ti èyí débí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Bàbá nawọ́ sókè, wọ́n ní bó bá rí báyẹn, àwọn náà fara mọ́ ọn. Àwọn aláṣẹ kọ ọ́ sílẹ̀. À ń retí wọn.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí èèyàn tó máa polówó nǹkan fún ìjọba, kó kọ́kọ́ rí i dájú pé nǹkan ọ̀hún lè gbé òun dé ọ̀dọ̀ wọn. A fi ọ̀kadà oníná sílẹ̀ níbẹ̀, kí jẹnẹrétọ̀ wọn fún un níná. Ọ̀kadà elépo kan tí a san owó fún lèmi àti Bàbá gùn lọ sílé. Ó ń pariwo, ó ń rú èéfín, èmi náà sì ń fi ara mi rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀.