Ìpara Tí Kò Ní Lébẹ́ẹ̀lì

Pálọ̀ Ọláníkẹ́ ni èyí, ní Pearland, ní ẹ̀yìn Houston. Aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni. Ọláníkẹ́, olóògùn òyìnbó ní Medical Center, bímọ ní ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn, àmọ́ àtíkè ti kún ojú rẹ̀ bámúbámú nítorí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀ wá kí i ní ọ̀sán. Àná ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí i, dé láti Ìjẹ̀bú-Òde láti wá máa wẹ ọmọ. Àmọ́ ìkángun àga lọ́hùn-ún ni wọ́n ní kó jókòó sí, wọ́n sì ti ṣí báàgì rẹ̀ sílẹ̀ láàárín pálọ̀.

ỌLÁNÍKẸ́: (Ó fi ìka méjì gbé agolo kékeré kan sókè bí ẹni gbé òkú eku.) Mọ́mì, kí lèyí?

ÌYÁ ÀGBÀ: Ìpara ni.

ỌLÁNÍKẸ́: Èyí tó ń bóra?

ÌYÁ ÀGBÀ: Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ta ló ń bóra? Mo kàn ń tóònù ni.

ỌLÁNÍKẸ́: Ojú yín pupa, ọwọ́ yín pupa, oríkèé ìka yín dúdú kirikiri. Irú tóònù wo nìyẹn?

ÌYÁ ÀGBÀ: Oríkèé ló ń ṣorí kunkun.

ỌLÁNÍKẸ́: Kò ní lébẹ́ẹ̀lì. Ta ló ṣe é?

ÌYÁ ÀGBÀ: Ìyá Fareedah ló máa ń pò ó fún wa. Obìnrin tó mọ́ tónítóní.

ỌLÁNÍKẸ́: Kí ló fi ń pò ó?

ÌYÁ ÀGBÀ: Ọmọrogùn.

ỌLÁNÍKẸ́: Mọ́mì! Kẹ́míkà tó wà níbẹ̀ ni mò ń bèèrè! Mẹ́kúrì lè wà nínú irú nǹkan báyìí. Ó máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Tó bá wà lọ́wọ́ yín tí ẹ fi gbé ọmọ, ó máa ràn mọ́ ọmọ lára. Níléeṣẹ́ ìfọpo tí Olúdayọ̀ ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ ní Baytown, táǹkì tó ga ju ilé yìí lọ, wọ́n kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i lára.

ÌYÁ ÀGBÀ: Èmi wá jọ táǹkì lójú rẹ?

ỌLÁNÍKẸ́: Ẹni tí kò bá jù ú nù kò ní gbé ọmọ.

(Ìyá Àgbà dìde, ó tún jókòó. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra.)

ÌYÁ ÀGBÀ: Ọmọ tí mo torí ẹ̀ jókòó sínú bàálù títí ẹsẹ̀ mi fi wú?

ỌLÁNÍKẸ́: Òun náà.

ÌYÁ ÀGBÀ: Jẹ́ kí n ṣáà lò ó títí di Sátidé. Nítorí fọ́tò ìsọmọlórúkọ.

ỌLÁNÍKẸ́: Ọjọ́ kan péré ti pọ̀jù.

(Agolo wọ inú ọ̀rá ìdọ̀tí dúdú. Ọláníkẹ́ tún fa ìgò mayonnaise kan yọ.)

ỌLÁNÍKẸ́: Èyí ńkọ́?

ÌYÁ ÀGBÀ: Àdín àgbọn tí mo fọwọ́ ara mi ṣe fún ọkọ mi kékeré ni. Irú ẹ̀ ni mo fi pa ìwọ náà lára.

ỌLÁNÍKẸ́: Mayonnaise ni wọ́n kọ síbẹ̀.

ÌYÁ ÀGBÀ: Ìgò tí mo rí nìyẹn.

ỌLÁNÍKẸ́: Kò ní lébẹ́ẹ̀lì tirẹ̀. Ó ń lọ. (Ó sọ ọ́ sínú ọ̀rá, ó wá rí ìgò funfun kan, inú rẹ̀ dùn.) Ẹ wò ó! Ìpara ọmọdé! Àwòrán ọmọ wà lára ẹ̀, wọ́n ní kò lè ta ọmọ lára. Irú èyí ló yẹ kí ẹ máa rà.

ÌYÁ ÀGBÀ: (ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀) Fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi.

ỌLÁNÍKẸ́: Ṣé ìpara yín ò tún kù síbì kankan?

ÌYÁ ÀGBÀ: (ó ń wo àjà) Èwo ló tún kù?

(Ọláníkẹ́ wẹ ọmọ fúnra rẹ̀. Láti orí àga lọ́hùn-ún ni Ìyá Àgbà ti ń ké pé omi ti tutù, pé kó gbá ọrùn mú. Wọ́n nu ọmọ gbẹ. Ọláníkẹ́ fún ìpara ìgò funfun sí àtẹ́lẹwọ́.)

ÌYÁ ÀGBÀ: Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

ỌLÁNÍKẸ́: Mo fẹ́ fi pa á lára.

ÌYÁ ÀGBÀ: Kò nílò ìpara. Ara rẹ̀ ń dán.

ỌLÁNÍKẸ́: Ara rẹ̀ gbẹ.

ÌYÁ ÀGBÀ: Jẹ́ kó gbẹ! Ara gbígbẹ dáa!

ỌLÁNÍKẸ́: Mọ́mì, ẹ ka lébẹ́ẹ̀lì.

(Ọwọ́ rẹ̀ ku díẹ̀ kó kan ikùn ọmọ. Ìyá Àgbà fò kúrò lórí àga, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.)

ÌYÁ ÀGBÀ: Má fi kàn án! Ìpara mi ló wà níbẹ̀! Mo rọ ọ́ sínú ìgò ọmọ kí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù má baà yọ mí lẹ́nu!

ỌLÁNÍKẸ́: Ṣebí tóònù lásán ni?

ÌYÁ ÀGBÀ: Fún èmi! Mi ò sọ pé fún ọkọ mi!

(Ó gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ó rọra jókòó sílẹ̀.)

ÌYÁ ÀGBÀ: Gbọ́, Níkẹ́. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú ni àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń sọ pé mo ti dúdú, pé mo ti gbó. Mi ò fẹ́ kí ọmọ yìí dàgbà, kó wo fọ́tò, kó bèèrè pé ta ni arúgbó yìí.

ỌLÁNÍKẸ́: Tí kíndìnrín yín bá pé, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa dá a lóhùn. Èmi náà jẹ̀bi, Mọ́mì. Ara ìgò ni mò ń kà, mi ò wo inú rẹ̀.

(Ọláníkẹ́ fọ ọwọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó yọ àdín nínú ọ̀rá, ó fi ìgò funfun rọ́pò rẹ̀. Olúdayọ̀ ni yóò gbé ọ̀rá náà lọ síbi tí wọ́n ti ń gba kẹ́míkà tí àwọn èèyàn fẹ́ jù nù. Ìyá Àgbà lọ wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, wọ́n sì gbé ọmọ fún un nígbẹ̀yìn. Ó fi àdín pa á láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ọláníkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó fẹnu ko ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́. Ìyá Àgbà yí ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.)

ÌYÁ ÀGBÀ: Dúró ná. Kí ló pupa lẹ́nu rẹ yẹn?

ỌLÁNÍKẸ́: Lípsítíìkì lásán ni.

ÌYÁ ÀGBÀ: Mú un wá ká jọ ka lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀.

ỌLÁNÍKẸ́: Kò... kò ní. Doyinsọ́lá ọ̀rẹ́ mi ló ń ṣe é nínú apartment rẹ̀ ní Fondren. Obìnrin tó mọ́ tónítóní.

ÌYÁ ÀGBÀ: Kí ló fi ń pò ó?

(Ọláníkẹ́ fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.)

ÌYÁ ÀGBÀ: Èmi tiẹ̀ mọ̀ pé ọmọrogùn ni. (Ó fẹsẹ̀ ti ọ̀rá dúdú sí i.)

ỌLÁNÍKẸ́: Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣáà lò ó títí di Sátidé. Nítorí fọ́tò.

ÌYÁ ÀGBÀ: Ọjọ́ kan péré ti pọ̀jù, ọ̀gá olóògùn. Ẹni tí kò bá jù ú nù kò ní gbé ọmọ.