Télọ̀ Tó Bí Ìbejì Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Baálẹ̀ lánàá, láti ọjọ́ tí mo ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ tí mo ń kọ orúkọ àwọn ẹlẹ́jọ́, n kò kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ rí. Télọ̀ kan, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ló pe dókítà lẹ́jọ́. Ó ní kí dókítà kọ ọ́ síwèé pé òun ò bímọ.

Baálẹ̀ ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Àwọn ìjòyè wo ara wọn lójú.

"Kábíyèsí, etí ló ń dùn mí," télọ̀ ní. "Etí òsì. Mo lọ sílé ìwòsàn, dókítà fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, ó yọ ìdọ̀tí kan jáde tó tó èkùrọ́. Nígbà tí wọ́n dárúkọ iye tí mo máa san, omi ṣì wà létí mi, mi ò gbọ́ dáadáa. Owó náà wúwo o, ṣùgbọ́n mo ní bóyá etí ló ti wọ́n báyìí. Mo san án, mo ká ìwé tí wọ́n fún mi sápò. Ìyàwó mi ló rí i nígbà tó fẹ́ fọ aṣọ."

"Kí ló wà nínú ìwé náà?"

"Pé mo bí ìbejì. Ọkùnrin kan, obìnrin kan. Pé tìyá tọmọ ló wà ní àlàáfíà."

Ibi tọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyàwó télọ̀, tí wọ́n ti jọ wà láti ọdún méjìlélógójì, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin kì í bímọ. Bí orúkọ ọkùnrin bá wá wà lórí ìwé owó ìgbẹ̀bí, a jẹ́ pé obìnrin kan wà níbì kan tó lọ sanwó fún. Ó di ẹrù rẹ̀, ó gba ilé àbúrò rẹ̀ lọ. Télọ̀ tẹ̀ lé e, ó bẹ̀ ẹ́ títí. Ìyàwó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ nígbà tí fóònù télọ̀ dún. Ìyàwó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á sókè: "Ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ má gbàgbé láti gbé àwọn ìbejì wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́jọ́ Ajé." Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú.

Baálẹ̀ kọjú sí dókítà, tó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́yà bí ẹni gbé ìkókó. Dókítà rojọ́ tirẹ̀, kì í sì í ṣe ẹjọ́ òmùgọ̀. Ó ní ọdún mọ́kàndínlógún lòun fi lo bébà. Ikán jẹ odidi dúrọ́ọ̀ kan, òjò pa òmíràn. Ilé iṣẹ́ adójútòfò á dá ìwé padà nítorí pé ẹyọ lẹ́tà kan ò hàn, oṣù mẹ́rin á kọjá kí wọ́n tó san owó iṣẹ́ tí òun ti ṣe tán, òun á sì máa yá owó san fáwọn nọ́ọ̀sì. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé, bí ìwé bá lọ lọ́jọ́ Ajé, owó á ti wọlé kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Baálẹ̀ mirí, ó ní ìyẹn dára.

"Nígbà tí télọ̀ wá bá yín pé àṣìṣe wà níbẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ní ẹ̀rọ yìí kì í ṣàṣìṣe, Kábíyèsí."

"Ṣebí ọwọ́ yín lẹ fi fọ etí rẹ̀."

"Ọwọ́ mi ni. Mo rántí etí náà dáadáa. Ṣùgbọ́n etí ò sí nínú ẹ̀rọ. Ohun tí ò bá sí nínú ẹ̀rọ, mi ò lè búra sí i."

Ó fi kún un pé ẹ̀rọ gbà kí wọ́n tún ìwé ṣe, bí ìyá ọmọ bá ti lè fọwọ́ sí i pé òun ò bímọ. Òun ti ní kí télọ̀ fọwọ́ síbi tí wọ́n kọ "ìyá ọmọ" sí. Télọ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí òun bá fọwọ́ síbẹ̀, ṣé òun ò ti gbà pé òun nìyá wọn? Àwọn ìjòyè ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Wọ́n pe obìnrin tó ń kọ ìwé owó nílé ìwòsàn náà, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Bébà. Dókítà ní ọjọ́ márùn-ún gbáko lòun fi kọ́ ọ ní kọ̀ǹpútà. Ìyá Bébà ní lóòótọ́ ni, àmọ́ mẹ́ta nínú rẹ̀ ni kò síná, ojú dúdú lòun ń wò. Dókítà ti sọ fún un pé bí ẹ̀bi bá jẹ́ tirẹ̀, ilé ló ń lọ. Síbẹ̀ ó tọwọ́ bọ báàgì, ó yọ ìwé àjákọ kan jáde. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé, ó ṣì ń fọwọ́ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀.

"Télọ̀, nọ́ńbà mẹ́rìnléláàádọ́rin, etí fífọ," ó kà á. "Ìyàwó birikilà, nọ́ńbà mẹ́tàdínláàádọ́ta, ìbejì. Méje àti mẹ́rin, mẹ́rin àti méje, Kábíyèsí. Èmi ni mo ṣì í tẹ̀. Mo sọ fún dókítà lọ́jọ́ kejì. Ó ní tó bá jẹ́ àṣìṣe ni, ẹ̀rọ ì bá ti pariwo."

Wọ́n ránṣẹ́ sí birikilà àti ìyàwó rẹ̀. Wọ́n dé tìbejì tìbejì. Owó etí fífọ ni wọ́n san. Birikilà ní òun ò wo ìwé náà. Ìyàwó rẹ̀ ní ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ní kí àwọn yára rìn. Birikilà ní òjò ló ṣú. Ìyàwó rẹ̀ ní oòrùn ń ràn ganrin lọ́jọ́ náà.

Baálẹ̀ bi birikilà pé, "Nígbà tó o rí 'etí fífọ', kí lo rò?"

"Mo rò pé àpọ́nlé ni, Kábíyèsí. Mo ní wọn ò fẹ́ dárúkọ ibẹ̀ ní gbangba ni."

Ó pẹ́ kí ẹ̀rín tó rọlẹ̀. Ìyàwó télọ̀, tó ti jókòó jìnnà sí ọkọ rẹ̀ látìgbà tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó lọ wo ojú àwọn ìbejì, ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó wo ti birikilà. Imú birikilà ló wà lójú àwọn méjèèjì, ó fẹ̀ bí ìdí ife. Ó padà lọ jókòó, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ ló jókòó sí.

Baálẹ̀ tún bi dókítà bóyá ó ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Dókítà wo kọ̀ǹpútà, ó wo ìwé àjákọ. Ó ní ohun tó wà nínú ẹ̀rọ lòun mọ̀.

"Ó dáa, a ó tẹ̀ lé ẹ̀rọ," Baálẹ̀ ní. "Télọ̀ bí ìbejì ní ọjọ́ méjìlá sẹ́yìn. Ẹni tó bímọ lọ́jọ́ orí yìí ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ gbé nǹkan wúwo. Dókítà, ẹ̀yin lẹ gbẹ̀bí rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹ ó lọ gbálẹ̀ fún un, ẹ ó pọnmi, ẹ ó dáná, ẹ ó fọ aṣọ, fún ogójì ọjọ́, tàbí títí ẹ̀rọ yín á fi fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò bímọ. Aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ náà, ẹ̀yin lẹ ó rán an. Ẹni tó ń rán awọ ara èèyàn, ṣòkòtò ò lè ṣòro fún un."

Ó ní Ìyá Bébà ò lọ síbì kankan. Kí ìwé àjákọ rẹ̀ jókòó ti kọ̀ǹpútà, kí wọ́n máa ka ọ̀kan sí èkejì létí ní ìrọ̀lẹ́. Birikilà ní tirẹ̀ á san owó ìgbẹ̀bí pé. Nítorí ìrìn kíákíá tó fi ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ rìn, òun ni yóò máa pọn ìbejì méjèèjì lọ síbi gbogbo abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá máa gbà.

Mo gba iwájú ilé télọ̀ kọjá nírọ̀lẹ́ òní. Dókítà ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sókè, ó wà nídìí bàsíà aṣọ. Ìyàwó télọ̀ ti kó ẹrù rẹ̀ dé, ó jókòó lé àpótí, ó ń fi ìka hàn án pé ọrùn aṣọ kan ò tíì mọ́, kó tún un fọ̀. Télọ̀ na gbalaja sórí ẹní. Mo kí i, mo bèèrè àlàáfíà rẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn ló ń ro òun, pé ẹni tí ò bí ìbejì rí ò lè mọ̀ ọ́n.