Kìtán Fi Ọ̀wẹ̀ Sápò

Ẹ bá wa kí Kìtán Adébùsóyè, akọ̀wé ìjọba ní Alágbàká, Àkúrẹ́, ọkọ súkúrúù, àna bóòtì, Atú-má-lè-dì, ẹni tó fi ojú kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ láti inú fóònù. Kò sí fídíò àtúnṣe tí kò tíì wò. Ó ti wo bí wọ́n ṣe ń tún fáànù ṣe. Ó ti wo bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ẹ̀rọ ìfọṣọ. Nínú yàrá tó háyà ní Ijapo, omi a máa kán láti ẹnu ẹ̀rọ omi títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kìtán a máa gbọ́ ọ lórí ibùsùn, a sì máa sọ fún ara rẹ̀ pé irú iṣẹ́ kékeré yẹn kò tó òun í ṣe.

Irú rẹ̀ pọ̀ láàrin wa. Bí a bá ti rí i tí ẹlòmíràn ṣe é, a ti gbà pé àwa náà ti ṣe é nìyẹn.

Moríyọ̀, ọmọ Oǹdó, ni Kìtán fẹ́ fi ṣaya. Bàbá rẹ̀, Bàbá Akínsànyà, gíwá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, kò béèrè mọ́tò, kò béèrè ilé. Ọ̀wẹ̀ ló béèrè. Ó ní kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìdána, kí ọmọkùnrin náà wá ṣọ̀wẹ̀ àna bí òun náà ti ṣe fún bàbá ìyàwó òun. Ìyẹn ni pé kí Kìtán kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn lọ sí oko kòkó Bàbá ní Bọ́lọ́rundúró, kí wọ́n ṣán an mọ́ tónítóní. Ẹni tó bá sì pe ọ̀wẹ̀ ní í bọ́ ọ̀wẹ̀.

Ibi bíbọ́ yìí ni ọ̀rọ̀ ti le fún Kìtán. Kì í ṣe pé ìṣẹ́ ń ṣẹ́ ẹ. Ó kàn jẹ́ ẹni tí ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀ mọ ara wọn lórúkọ ni. Àdá náà kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀, nítorí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí òwú.

Ó wá dá ọgbọ́n. Ó sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì, tí Lawrence ará Ìkàrẹ́ jẹ́ olórí wọn, pé bàbá ìyàwó òun ò fẹ́ rí èrò tí yóò máa jẹun lóko. Ó sọ fún Bàbá Akínsànyà pé àwọn ọ̀rẹ́ òun kọ̀, pé iṣẹ́ oko ń tì wọ́n lójú. Lẹ́yìn náà ló fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ Bàbá pé kó jẹ́ kí òun ṣe ọ̀wẹ̀ ìgbàlódé. Òun nìkan yóò wá, òun yóò sì tún gbogbo ohun tó bá ń mì nínú ilé wọn ṣe. Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, ọ̀wẹ̀ lẹṣin àna. Kìtán fẹ́ gun ẹṣin láìbọ́ ọ ní koríko.

Bàbá ro ó títí. Ó ní kò burú, kó wá lọ́jọ́ Sátidé. Òun yóò pe ẹbí jọ láti wo ọ̀wẹ̀ ìgbàlódé yìí, bó bá sì tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn yóò dá ọjọ́ ìdána níjókòó kan náà.

Ó wá ku irinṣẹ́. Kìtán mú Lawrence dání lọ sí ìsọ̀ kan ní ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, láìsọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe gan-an. Àpótí irinṣẹ́ kékeré méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan dúdú, kò lẹ́wà. Ọwọ́ ìtúsúkúrúù kúkúrú kan ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba orí tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́: ti sítáà, ti pẹlẹbẹ, ti onígun mẹ́fà. Lawrence mú un, ó fi tú súkúrúù kan lára àga olùtajà, ó sì tún un dì. Ó ní èyí ló dáa fún iṣẹ́ ilé, torí irin rẹ̀ le, ó sì di orí súkúrúù mú ṣinṣin.

Èkejì ń dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó. Orí tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju orí àwọn tó ń wá sí ìsìn àárọ̀ lọ, àwọn mìíràn sì wà níbẹ̀ tí olùtajà gan-an kò mọ súkúrúù tó bá wọn mu. Kìtán yí ọwọ́ irinṣẹ́ náà wò. Ó dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, orí Kìtán sì wú bí ẹni tó gbọ́ oríkì ìdílé rẹ̀.

"Gbọ́ ohùn rẹ̀," ni Kìtán wí.

"Ìgbà tí kò bá ṣe nǹkan kan ló ń dún bẹ́ẹ̀," ni Lawrence dá a lóhùn. "Bó bá ń ṣiṣẹ́, ṣe ló máa ń dákẹ́."

"Àwọn àna mi ò mọ ìyẹn."

Èyí tó ń dán ló rà.

Lọ́jọ́ Sátidé, Kìtán wọ kàfútáànì funfun dé Oǹdó, àpótí náà sì wà nínú àpò rẹ̀. Ẹbí ti kún pálọ̀. Moríyọ̀ wà lẹ́yìn ilé níbi tí wọ́n ti ń gúnyán. Kìtán béèrè ohun tó ń mì. Ìyá Bímbọ́lá, ẹ̀gbọ́n Bàbá lóbìnrin, ní ọwọ́ ilẹ̀kùn pálọ̀ yìí ń mì díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Kìtán rẹ́rìn-ín ìyọ́nú. Ó ti ilẹ̀kùn náà pa kí gbogbo ojú lè wà lára òun. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí pálọ̀ náà ní nìyẹn, irin ìdènà olè sì wà lójú gbogbo fèrèsé.

Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lọ́rùn irinṣẹ́ náà tó ń sọ bóyá yóò tú ni tàbí yóò dì, Kìtán kò sì wo apá ibẹ̀ rí. Ó yí i títí òógùn fi bò ó. Bóòtì kankan kò mira. Àwọn àgbà ń mi orí, wọ́n ń kí i pé ó kú iṣẹ́. Nígbà tó yá, àtàǹpàkò rẹ̀ ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì náà, bóòtì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Inú Kìtán dùn débi pé ó tú gbogbo rẹ̀. Wọ́n já bọ́, wọ́n sì yí lọ sábẹ́ àwọn àga.

Àṣé bóòtì wọ̀nyí gba inú ilẹ̀kùn já sí òdì kejì. Ọwọ́ ìta já bọ́ sílẹ̀ gbàgà pẹ̀lú irin onígun mẹ́rin tó ń yí ahọ́n kọ́kọ́rọ́. Ọwọ́ inú kù sí Kìtán lọ́wọ́. Ó gbé e sókè fún ẹbí bíi dókítà tó yọ eyín.

Òórùn ọbẹ̀ wọlé. Bàbá ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹun ná. Kìtán yíjú sí ilẹ̀kùn, kò sí ohun tí yóò dì mú. Ihò kan ló kù. Ó ki orí sítáà bọ̀ ọ́, ó kéré. Ó ki onígun mẹ́fà, ó ń yí lófo. Ó mú pẹlẹbẹ tó tóbi jù lọ, ó fi agbára yí i, ó sì kán sínú ihò.

"Ọkọ wa," ni Ìyá Bímbọ́lá béèrè, "ṣé èyí náà wà nínú ọ̀wẹ̀ ìgbàlódé?"

Àwọn aládùúgbò ti ń péjọ sójú fèrèsé. Wọ́n ń wo ẹbí Akínsànyà láàrin irin bí ẹni wo ẹlẹ́wọ̀n, ẹnì kan sì ń béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀. Kìtán mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ká ní ẹlòmíràn ló ṣe é ni, òun ì bá ti fi ṣe fídíò. Ṣùgbọ́n ìgbéraga kò tíì tán nínú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má ṣèyọnu, òun yóò pe ọmọ iṣẹ́ òun kan ní Àkúrẹ́. Ó tẹ fóònù, ó gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wọn lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe òun ní Ẹnjiníà.

"Ẹnjiníà," ni Lawrence dáhùn, ohùn rẹ̀ kún pálọ̀. "Ṣé bàbá ahun yẹn ti dá ọjọ́ ìdána fún ọ?"

Kìtán ń wá ibi tí òun yóò tẹ̀ láti pa á. Bàbá Akínsànyà rọra gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ahun wo?" ni Bàbá béèrè.

"Ta nìyẹn? Bàbá ìyàwó Kìtán ni mo wí. Ẹni tó ní a ò gbọdọ̀ wá ṣọ̀wẹ̀, pé ojú òun kì í gbà á kí ènìyàn máa jẹun lóko òun."

Àwọn tó wà lójú fèrèsé tún sún mọ́ irin.

"Ọmọ mi," ni Bàbá wí, "èmi ni ahun náà. Wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ kọ̀, pé oko ń tì yín lójú."

Lawrence rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àwa? A ti pọ́n àdá."

Ìgbà náà ni nǹkan ró kẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Irin onígun mẹ́rin wọ ihò láti ìta, ó ti orí tó kán náà jáde, ilẹ̀kùn sì ṣí. Moríyọ̀ ló dúró síbẹ̀, ọwọ́ ilẹ̀kùn lọ́wọ́ rẹ̀, iyán díẹ̀ lápá rẹ̀.

"Ṣé o ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni?" ni Ìyá Bímbọ́lá bi í.

"Rárá, Mà. Mo ń gbé oúnjẹ bọ̀ nígbà tó já bọ́ lójú mi. Mo ní kí n jẹ́ kí Lawrence sọ̀rọ̀ tán ná."

Ẹ̀rín bú jáde lójú fèrèsé, ó sì ràn wọ inú ilé. Ìyá Bímbọ́lá nu ojú rẹ̀, ó bi Bàbá léèrè pé ọjọ́ ìdána ńkọ́. Bàbá ní kí wọ́n bi ẹni tó ṣílẹ̀kùn. Moríyọ̀ wo Kìtán láti orí dé kàfútáànì. Ó ní kó lọ kó Lawrence àtàwọn yòókù wá sí Bọ́lọ́rundúró, kó sì fi apá tirẹ̀ ṣán oko náà, òun fúnra òun ni yóò se oúnjẹ, kó má baà ná an ní nǹkan kan. Bó bá ṣe é tán, kó tún wá béèrè. Ó ní kó tó lọ, kó dá ọwọ́ ilẹ̀kùn bàbá òun padà síbi tó ti bá a.

Kìtán wá bóòtì, kò rí i. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú kàfútáànì funfun, ó ń rápálá lábẹ́ àga kan bọ́ sí òmíràn, ó ń bẹ àwọn àgbà kí wọ́n jọ̀ọ́ gbé ẹsẹ̀. Àwọn tó wà lójú fèrèsé ń kí i pé ó kú ìdọ̀bálẹ̀, pé irú àna tó mọ ìwà báyìí ṣọ̀wọ́n. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín níbi tó dojú bolẹ̀ sí, nítorí kò sí ohun mìíràn tó lè fi ojú ṣe.

Ó rí gbogbo bóòtì àfi ẹyọ kan. Abẹ́ bàtà Bàbá Akínsànyà ni ìyẹn wà.

Bàbá kò gbé ẹsẹ̀.