Ọjọ́ Tí Mo Fọ Wíìgì Àgbà Lọ́yà

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí màá fi sùn tí mi ò ní jí mọ́: ọjọ́rú kan nínú oṣù kẹfà ọdún 1999, tí mo fi ọwọ́ ara mi fọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò rán mi láti fọ̀. Tí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ẹ̀rín ló máa ń pa mí. Lọ́jọ́ náà, ẹkún ló kù díẹ̀ kó pa mí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́ fún yín. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mo sì jẹ́ akọ̀wé tó ń tọ́jú yàrá ìkẹ́rùsí ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní GRA. Iṣẹ́ yẹn kò gba àṣìṣe. Bí ìwé bá sọ pé páálí bébà mẹ́tàlélógún ló kù, mẹ́tàlélógún gan-an ló gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń tọ́jú ilé mi ládùúgbò Fate. Èmi ni mo máa ń lọ aṣọ gbogbo ilé, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí ìlà ṣòkòtò rẹ̀ ń gún régé tó tèmi. Ìyàwó mi a ní, "Bàbá Fúnmi, lọ́jọ́ tí ẹ bá kú, ẹ ó dìde lọ aṣọ òkú yín kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ fún yín."

Fúnmi ni àkọ́bí wa, ẹ̀rù sì máa ń bà mí nítorí rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ọdún 1985, nígbà tó wọ kíláàsì kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí gbọ̀ngàn ìjọ kan ládùúgbò wa ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Lọ́yà kan tí gbogbo wa ń pè ní Àgbà Lọ́yà, ará Ọ̀mù-Àrán bíi tiwa, máa ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kàwé, bí wọ́n ṣe ń dúró ṣinṣin, àti bí èèyàn ṣe lè bá ẹlòmíràn jiyàn láì bú u. Sátidé mẹ́rin ni mo fi tẹ̀lé ọmọ mi lọ, tí mo jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn pẹ̀lú agbòjò mi. Ní ọjọ́ karùn-ún, Àgbà Lọ́yà pè mí síwájú. "Bàbá Fúnmi, ẹ sọ fún wa ìdí tó fi yẹ kí bàbá máa tẹ̀lé ọmọ wá sí kíláàsì." Mo sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló ní kí Fúnmi dá mi lóhùn. Nígbà tí ọmọ náà parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, èmi fúnra mi pàtẹ́wọ́. Mi ò tẹ̀ lé e mọ́.

Láti ibẹ̀ ló ti sọ pé òfin lòun máa kà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣe ìdánwò àṣewọ yunifásítì. Nígbà tó wọlé tán, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ sọ ọdún márùn-ún di mẹ́fà. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà ní Èkó, ó sin ìlú gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀, ó padà wálé. Ohun tí èmi fẹ́ ni kó wọ ilé ìfowópamọ́ tàbí iṣẹ́ ìjọba, níbi tí fáànù ti ń fẹ́ síni lára, tí ẹnikẹ́ni kò ní máa jágbe mọ́ ọn. Ó ní rárá, kóòtù lòun ń lọ. Ọ́fíìsì Àgbà Lọ́yà ládùúgbò Challenge ló gbà á síṣẹ́, ó sì ń gbé ìwé ọ̀gá rẹ̀ wọ kóòtù, ó ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó ń kọ́ṣẹ́.

Bí Àgbà Lọ́yà ṣe ní àìsàn ẹsẹ̀ nìyẹn, tí dókítà ní kó má jáde fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹjọ́ kan sì wà nílẹ̀ ní ọjọ́bọ̀. Tíṣà kan tí ọkọ rẹ̀ kú ló ni ín. Àwọn àbúrò ọkọ fẹ́ ta ilé mọ́ obìnrin náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta lórí, wọ́n sì ti rí ẹni tó máa rà á ní Sátidé. Fúnmi ló máa dìde, òun nìkan, láti bẹ ilé ẹjọ́ gíga pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilé náà títí ẹjọ́ yóò fi parí.

Lọ́sàn-án ọjọ́rú, Fúnmi gbé àpótí dúdú kan wá sílé, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì sáré lọ bá tíṣà náà. Mo ṣí àpótí náà wò. Gáùn wà níbẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n wíìgì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀! Ó pupa rẹ́súrẹ́sú bíi kànìnkànìn tí wọ́n ti fi fọ ìkòkò fún ọdún mẹ́wàá. Ó ń rùn bíi káńfọ̀. Ọkàn mi bàjẹ́. Wọ́n ti fún ọmọ mi ní àlòkù, pé kó gbé e sórí níwájú adájọ́!

Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú báàfù, mo da ọṣẹ lúbúlúbú ṣíbí méjì sí i, mo fi oògùn tó ń mú aṣọ funfun kún un, ìdérí kan péré. Mo wo aago. Ìṣẹ́jú méjìlá ni mo fún un.

Irun ẹṣin ni wọ́n fi ń ṣe wíìgì lọ́yà. Èmi kò mọ̀. Nígbà tí mo fa nǹkan náà jáde, gbogbo irun tó ti ká bí òrùka ní ìlà ìlà ti nà tán, ó ti di yẹ́lò bíi pupa ẹyin, ó sì ń ro tótó bí ewúrẹ́ tí òjò pa. Ìyàwó mi yọjú láti ilé ìdáná.

"Bàbá Fúnmi, kí lẹ dì mú yẹn?"

"Wíìgì ni."

"Ta ló pa á?"

Mo sá a sórí okùn, ṣùgbọ́n oòrùn ò yọ, òjò sì ti ń ṣú bọ̀. Ni mo bá dì í sínú táwẹ̀lì, mo gun ọ̀kadà lọ bá Ìyá Sherifa, aṣerunlóge kan ní Challenge tó ní ẹ̀rọ tó ń mú irun gbẹ. Obìnrin mẹ́ta ló jókòó sílé iṣẹ́ rẹ̀. Mo tú táwẹ̀lì.

Ìyá Sherifa fò sẹ́yìn. "A'ùsùbílàhì! Bàbá, ẹranko wo nìyí?"

"Wíìgì lọ́yà ni. Ẹ bá mi ká irun rẹ̀ padà."

"Wọlái, lọ́yà yìí ti kú."

Ṣùgbọ́n aláàánú èèyàn ni. Ó fi rólà ká a, ó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà tó tú u, irun náà ká lóòótọ́, àmọ́ ó ká ní ńláńlá, bíi ti ìyàwó tuntun. Wọ́n ní kí n dé e wò. Kò wọlé. Ó ti sún kì débi pé àtàrí mi ló jókòó lé bí ẹyẹ tó bà lé igi. Àwọn obìnrin mẹ́ta náà pariwo pọ̀: "Ó yẹ yín, Bàbá!"

Ní aago márùn-ún, Fúnmi wọlé. Ó wo wíìgì, ó wò mí, ó jókòó.

"Dádì, kí lẹ ṣe sí i?"

"Mo fọ̀ ọ́ ni. Ó dọ̀tí."

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní wíìgì tó gbó, iyì ni láàárín àwọn lọ́yà. Ìyẹn ló ń fi hàn pé ẹni tó dé e ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí Àgbà Lọ́yà ti di lọ́yà ló ti ń dé èyí, kò sì yá ẹnikẹ́ni rí. Ó ní òun ò tíì lówó ra tòun, wíìgì kan ṣoṣo tó sì kù ní ọ́fíìsì wọn, ẹnì kan ti gbé e lọ sí kóòtù ní Ọ̀fà. Bí lọ́yà kò bá sì múra pé, adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga kò ní gbọ́ tẹnu rẹ̀.

"Tí wọn ò bá gbọ́ tẹnu rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n á sún ẹjọ́ síwájú. Wọ́n á sì ta ilé ní Sátidé."

Ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́bọ̀, mo ti wà ní ọgbà kóòtù. Mo mú téèpù dání, nítorí mo ti wọn orí Fúnmi: ínṣì méjìlélógún ààbọ̀. Bí lọ́yà kọ̀ọ̀kan bá ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, màá sáré bá a. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀wọ́, orí yín tó ínṣì mélòó?" Ọ̀kan bínú: "Bàbá, ṣé káfíńtà tó ń kan pósí ni yín? Mi ò tíì kú o!" Nígbà tí mo ní wíìgì ni mo fẹ́ yá, àwọn tó kù ní àwọn náà ní ẹjọ́ ní àárọ̀ yẹn.

Níkẹyìn, ọkùnrin sísanra kan tí ohùn rẹ̀ le bí ààrá dá mi dúró. "Bàbá, ta lẹ fẹ́ yá wíìgì fún?"

"Ọmọbìnrin mi ni, sà. Ẹjọ́ tó máa kọ́kọ́ dá ṣe nìyí. Lọ́yà tó sì máa ta kò ó, wọ́n ní ẹkùn ni. Wọ́n ní ó máa ń jẹ àwọn lọ́yà kéékèèké bí ẹ̀pà."

Ó wò mí títí. "Bí ẹ̀pà?"

"Bí ẹ̀pà, sà."

Ó yíjú sí lọ́yà obìnrin tó tẹ̀lé e. "Bọ́ wíìgì rẹ fún Bàbá. Èmi ni màá sọ̀rọ̀ lónìí. Kó di ọ̀la kí wọ́n tó dá a padà sí ọ́fíìsì wa ní Challenge."

Mo wọ̀n ọ́n. Ínṣì méjìlélógún ààbọ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀.

Nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́ náà, Fúnmi dìde, ó sọ orúkọ ara rẹ̀. Wọ́n ní kí lọ́yà àwọn àbúrò ọkọ náà dìde. Ọkùnrin sísanra mi ló dìde. Ó ta ko ọmọ mi lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni pé kì í ṣe òun ló yá a ní ohun tó wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Fúnmi dúró ṣinṣin, ó ń dá a lóhùn láì bú u, ó ń ṣí ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn. Adájọ́ kọ ọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí ẹnikẹ́ni má ta ilé náà, kí wọ́n má sì lé obìnrin náà jáde, títí ẹjọ́ yóò fi parí. Tíṣà náà gbé orí lé bẹ́ńṣì, ó ń sunkún.

Lóde, ọkùnrin náà bọ Fúnmi lọ́wọ́. Ó wá kọjú sí mi. "Bàbá, ẹ̀pà tòní le o. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ká mi léyín."

Lọ́sàn-án ni mo gbé àpótí lọ sílé Àgbà Lọ́yà. Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó ṣí i. Ó wo inú rẹ̀. Mo sọ ohun gbogbo, títí dórí ìdérí kan oògùn. "Bàbá Fúnmi," ló wí, "ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi sọ ọ́ di pupa. Ìṣẹ́jú méjìlá lẹ fi bá mi parí ẹ̀." Ó wá béèrè ohun tí adájọ́ sọ. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín náà lọ, ó fi ọwọ́ kan irun náà jẹ́jẹ́, ó ní, "Mo ti fẹ́ fi fún ọmọ náà pátápátá ni." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Kí n tó tún ohun ẹlòmíràn ṣe, kí n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ohun tí mò ń pè ní ìdọ̀tí lè jẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé ẹni náà. Ọmọ tí mo sì ń gbà lọ́wọ́ ewu, èmi fúnra mi ni ewu tó tóbi jù tó pàdé lọ́sẹ̀ yẹn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo ní èmi ni màá dá wíìgì tí a yá padà. Fúnmi dínà mọ́ mi lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Dádì, ẹ búra fún mi pé ẹ ò ní fọ̀ ọ́." Mo búra. Mo sì mú ìbúra náà ṣẹ. Àmọ́ kí n má purọ́ fún yín: mo wò ó dáadáa lójú ọ̀nà, ó dọ̀tí díẹ̀ létí òsì, ọwọ́ mi sì ń yún mi títí dé Challenge.