Obìnrin Tó Wà Nínú Ọgbà Àwòrán

Ọjọ́ kan wà tí kò ní parẹ́ lọ́kàn mi títí wọn yóò fi gbé mi sin: ọjọ́ tí èmi, bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún aṣọ ìbùsùn. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n rò ó délẹ̀ ná.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní New York níbí. Láàárọ̀, màá wọ subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, láti ilé wa ní Flatbush lọ sí Manhattan, lọ́dọ̀ bàbá òyìnbó kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Èèyàn dáadáa ni Bàbá. Ìyàwó wọn ti kú, ẹsẹ̀ wọn ò sì gbé wọn dáadáa mọ́. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọmọ wọn obìnrin, Ìyáàfin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, sọ ojú abẹ níkòó fún mi: "Dádì ti ń ṣubú jù. Tí wọ́n bá tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i, ilé àwọn arúgbó ni mò ń gbé wọn lọ." Bí ó ṣe jáde báyìí ni Bàbá gbá ọwọ́ mi mú. "Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí n ṣubú," ni wọ́n wí. "N ò fẹ́ fi ìyàwó mi sílẹ̀ níbí." Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ lásán ni.

Àwòrán ńlá kan wà lára ògiri pálọ̀ wọn. Ọgbà ilé ọlọ́lá kan ní Ítálì ni wọ́n yà síbẹ̀: igi tí wọ́n gé dọ́gbadọ́gba bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ dé, ọ̀nà olókùúta funfun, omi tó ń tú sókè láàárín, àti ère méjì nítòsí àtẹ̀gùn. Ìyáàfin ṣàlàyé pé àwọn ayàwòrán ayé ọjọ́un kan tí wọ́n ń pè ní Impressionist ló máa ń yà bẹ́ẹ̀, pé tí èèyàn bá sún mọ́ ọn jù, ọ̀dà játijàti lásán ló máa rí. Mo ń mi orí bí ẹni tó gbọ́. Oúnjẹ tí mo máa jẹ nílé ni mò ń rò.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá wò mí títí. "Wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀yin ará Nàìjíríà mọ èèyàn kí. O ò kí ìyàwó mi?"

"Ìyàwó yín dà, sà?"

Wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sí àwòrán náà.

Mo sún mọ́ ọn. Ọ̀dà funfun, ọ̀dà àwọ̀ ewé, kò sí èèyàn kankan. Mo fi ẹ̀yìn rìn dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. Yéè! Obìnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, ó wọ aṣọ funfun, ó ṣí agboòrùn. Mo sáré sún mọ́ ọn: kò sí níbẹ̀. Mo padà sẹ́yìn: òun nìyẹn. Mo ń lọ, mò ń bọ̀, títí Bàbá fi ní kí n jókòó, pé òòyì ti ń kọ́ àwọn.

Èmi kan náà ni mo máa ń dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́rìí pé n kì í bẹ̀rù ohunkóhun o. Ṣùgbọ́n kí àgbà wà níwájú èèyàn, kí èèyàn má kí i, wọ́n á ní wọn ò kọ́ ọ nílé. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti dé, màá ní, "Ẹ káàárọ̀, mà," màá sì yára sá wọ kíṣìnnì.

Ohun tó wá dà mí láàmú ni pé obìnrin yìí ń rìn. Lójú tèmi o. Nígbà tí òtútù fi máa mú dáadáa, ó ti kúrò nídìí omi, ó ti dé ìdí ère. Mo bi Bàbá léèrè. "Ó máa ń sún mọ́ iwájú tó bá fẹ́ gbọ́rọ̀," ni wọ́n wí, wọ́n ń mu tíì wọn lọ. "Ó fẹ́ràn ohùn ìyá rẹ." Ìyá mi máa ń pè mí láti Ìjẹ̀bú lọ́sàn-án. Nítorí pé etí ìyá mi ò gbọ́ dáadáa mọ́, ariwo wọn lórí fóònù á gba gbogbo pálọ̀, wọ́n á máa ké oríkì mi. Oríkì náà, n ò ní kọ ọ́ síbí. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan tí yìnyín ń bọ́. Ojú ọjọ́ ti ṣú bíi pé alẹ́ ti lẹ́. Bàbá sùn lọ lórí àga. Mo gbójú sókè, obìnrin yìí ti dé orí àtẹ̀gùn, ó sì ti pa agboòrùn rẹ̀ dé. Orí mi wú. Mo fa aṣọ ìbùsùn funfun kan yọ, mo gun àpótí, mo fi bo àwòrán náà látòkè délẹ̀. Mo wọ kíṣìnnì lọ gbé ọbẹ̀ Bàbá kaná, mo sì pe ìyàwó mi, mo rò fún un.

"Tí ohunkóhun bá pè yín, tí ẹ ò rí ẹni tó pè yín, ẹ má dáhùn o!" ni ìyàwó mi wí. Mo ní ṣé èmi ló fẹ́ kọ́ ní ìyẹn? Ọmọ Yorùbá wo ni wọn ò ti kékeré kìlọ̀ rẹ̀ fún?

Ọ̀rọ̀ yẹn la ṣì ń sọ tí ẹnìkan fi ké oríkì mi láti pálọ̀. Ohùn náà rọ̀, ó sì pè é bó ṣe yẹ gẹ́lẹ́, bí ẹni tí wọ́n bí sí Ìjẹ̀bú. Bàbá kọ́ nìyẹn. Bàbá kì í pè mí ju "Mister" lọ.

N ò jẹ́ ẹ. Ó tún pè mí. Mo di ṣíbí ọbẹ̀ mú bí idà.

Ìyàwó mi ṣì wà lórí fóònù. Ó wá ní, "Bàbá Tólú, obìnrin wo nìyẹn?"

"O gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ kẹ̀! Ta ló ń ké oríkì ọkọ mi ní Manhattan? Ṣé iṣẹ́ tí ẹ̀ ń lọ ṣe nìyẹn?"

"Obìnrin inú àwòrán ni!"

"Àwòrán! Ẹ ṣáà máa bọ̀ wá bá mi nílé." Ó pa fóònù.

Ohùn náà pè mí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ kò, kò, kò, lórí ilẹ̀. Mo mọ ìró yẹn. Ọ̀pá Bàbá ni. Àyà mi já, mo sáré wọ pálọ̀. Àga ṣófo. Aṣọ ti kúrò lára àwòrán. Nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ohun funfun kan jókòó, kò lórí, kò lójú, ó ń mì.

Mo gbàgbé orúkọ Jésù tí mo fẹ́ pè. Orúnkún mi ló kọ́kọ́ kanlẹ̀, àyà tẹ̀lé e, mo nà gbalaja. "Ẹ dárí jì mí, mà! Ẹ jọ̀ọ́, mà! N ò ní bò yín mọ́ láyé mi!"

Ibẹ̀ ni mo wà tí Ìyáàfin fi ṣílẹ̀kùn wọlé, tòun ti yìnyín lórí kóòtù rẹ̀. Ó wò mí nílẹ̀. Ó ká aṣọ náà kúrò. Bàbá ló wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n jí, wọn ò rí ìyàwó wọn, wọ́n dìde láti fa aṣọ náà kúrò, ẹsẹ̀ sì yẹ̀ wọ́n, aṣọ wá bò wọ́n mọ́lẹ̀.

"Dádì, ẹ ti ṣubú," ni Ìyáàfin wí. "Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ó parí."

Ojú tì mí, àánú Bàbá sì ṣe mí débi pé omi bọ́ lójú mi níbi tí mo nà sí. Ìbẹ̀rù mi ló fẹ́ lé wọn kúrò nínú ilé wọn.

"Ta ló ṣubú?" ni Bàbá wí. "Ìyá rẹ là ń kí. Bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílùú wọn nìyẹn. Èmi náà fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ibi tí agbára mi mọ nìyí."

Ìyáàfin gbójú sókè wo àwòrán náà, ó wò ó pẹ́. "Ìyá mi fẹ́ràn kí wọ́n máa kí òun," ló wí. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àwa méjèèjì gbé Bàbá sórí àga, kò sì dárúkọ ilé arúgbó mọ́.

Nígbà tó lọ tán, mo rò ó pé bóyá Bàbá náà ló ń pè mí, mo bá bẹ̀ wọ́n. "Ẹ má bínú, sà, pé n ò dáhùn nígbà tí ẹ̀ ń pè mí."

"Èmi kẹ̀?" ni wọ́n wí. "Aṣọ dí mi lẹ́nu, ọ̀pá ni mo fi ń lu ilẹ̀. Òun ló ń pè ọ́. Ó ní o gbọ́, pé o kàn di etí sí òun ni."

Láti ọjọ́ yẹn, mo ti kọ́gbọ́n. Ẹni tó bá ń tọ́jú arúgbó, kó kọ́kọ́ jẹ́ ìpè ná, kó tó wádìí ẹni tó pè é. Bí ilẹ̀kùn bá ti dún báyìí, "Mò ń bọ̀ o!" ni tèmi. Ìyàwó mi nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ò tíì yé. Títí dòní ló ń sọ lórí fóònù pé kí n mú obìnrin náà wá kí òun ní Flatbush. Èmi á rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n màá ní kó rọra sọ ọ́. Obìnrin ọ̀hún ṣì wà lórí àtẹ̀gùn, ó sì ń gbọ́.