Ẹni Tó Dá Iyanrìn Dúró Lọ́nà

Ẹjọ́ iyanrìn ló kó gbogbo wa lọ sáàfin lánàá. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, torí ilé ènìyàn ló fẹ́ bá a lọ.

Káfíńtà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ló pẹjọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, onílé-ìtura tí wọ́n jọ múlé ti ara wọn létí òkun, ló pè lẹ́jọ́.

"Kábíyèsí, ẹ gbà mí! Ẹ̀gbọ́n jí iyanrìn mi."

"Iyanrìn tó pọ̀ tó báwo?"

"Gbogbo ẹ̀yìnkùlé mi ni! Nígbà tí mo kọ́lé, àádọ́ta ìṣísẹ̀ ni mo máa ń rìn kí n tó kan omi. Ní báyìí, tí mo bá ṣílẹ̀kùn ilé ìdáná, òkun ló ń kí mi káàárọ̀. Ìjì kan péré ló kù, ilé mi á wó."

Onílé-ìtura tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe.

"Kábíyèsí, mi ò fọwọ́ kan iyanrìn ẹnikẹ́ni. Mo kàn to òkúta wọnú òkun ní ààlà ilé mi ni, káwọn àlejò lè máa ríbi ya fọ́tò. Iyanrìn ló fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá. Ṣé kí n lé e ni?"

Wọ́n pe apẹja kan wá jẹ́rìí.

"Ìjì ló kó o," ni apẹja wí. "Ìgbì ńlá ló ń ha etíkun, tó ń kó iyanrìn jọ sábẹ́ omi bí ebè. Ọkọ̀ mi gun orí ẹ̀ lóṣù tó kọjá. Tójú ọjọ́ bá rọ̀, ìgbì kéékèèké á máa dá a padà díẹ̀díẹ̀."

"Irọ́ ńlá!" Òmùwẹ̀ kan tó ń tún ìdí ọkọ̀ ṣe lábẹ́ omi ló fò dìde. "Ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà lọ! Ìgbì á gbé e sókè, ìṣàn omi á máa tì í lọ lẹ́bàá etíkun, láti ọ̀dọ̀ onílé-ìtura sọ́dọ̀ káfíńtà. Ibi òkúta yẹn ló ti ń dúró."

"Ìwọ tó ń dijú nínú omi?" ni apẹja bi í.

"Mo máa ń wọ awò!"

Ìjòyè kan tó ti ń tòògbé láti àárọ̀ ta jí. "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ ká ránṣẹ́ pe òkun, kó wá sọ tẹnu ẹ̀."

Ìjòyè mẹ́ta kín in lẹ́yìn. Àwọn náà ló fọwọ́ sí òkúta yẹn lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tí onílé-ìtura gbà wọ́n lálejò fọ́jọ́ mẹ́ta. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹlẹ́rìí méjèèjì ò parọ́," ni Kábíyèsí wí. "Òkun ń gba iyanrìn lọ́wọ́ káfíńtà, òkun náà sì ń fi òmíràn ránṣẹ́ sí i. Ìránṣẹ́ yẹn lẹnìkan dá dúró lọ́nà."

"Àmọ́ kò sí ewu, Kábíyèsí," ni onílé-ìtura wí. "Ilé àna mi lágbára. Ẹ̀rù lásán ló ń bà á."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mi ò ní fipá mú ẹ kó òkúta. Àmọ́ láti alẹ́ òní, ìwọ àti ìyàwó ẹ lẹ ó máa sùn nílé tó lágbára yẹn, ní yàrá tó kọjú sókun. Káfíńtà àti àbúrò ẹ á máa sùn ní yàrá tó dára jù nílé-ìtura, títí òkúta á fi kúrò."

"Kábíyèsí! Oṣù mẹ́jọ la fi to òkúta yẹn!"

"Ẹ ó jẹ̀gbádùn atẹ́gùn òkun fóṣù mẹ́jọ nìyẹn."

Ìyàwó onílé-ìtura ti dé ẹnu ọ̀nà. "Baálé mi, ṣé ibẹ̀ lẹ máa dúró sí ni? Ilẹ̀ ò tíì ṣú!"

Ká tó dé etíkun, omi ti mu obìnrin náà dórúnkún, òkúta àkọ́kọ́ sì ti wà lórí rẹ̀.