Ẹ Má Kí Ẹ̀rọ Pàjáwìrì Mọ́ O!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Gbogbo ará Àpáta-Ìgbín, tọmọdé tàgbà! Ẹni tó ń fọṣọ, kó gbé e sílẹ̀. Ẹni tó ń dáná, kó yọ igi. Ẹni tó ń bá aya rẹ̀ jà, kó sinmi díẹ̀, kó padà síbẹ̀ tí akéde bá ti lọ. Iwájú ọgbà káńsù ni akéde dúró sí, káńsù ló sì rán an níṣẹ́. Alága Láníyọnu fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí ìwé yìí. Ó ní kí akéde kà á délẹ̀, kó má fo ìlà kan ṣoṣo. Lọ́dún tó kọjá, oyè Alága méjì péré ni akéde fò nítorí pé òjò ń bọ̀, oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi dá a dúró nílé. Akéde ti kọ́gbọ́n. Gbogbo ohun tó wà nínú ìwé lẹ máa gbọ́ lónìí!

Ọ̀rọ̀ ìpè pàjáwìrì ni. Ẹ mọ Ṣíjúadé. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Òun ni obìnrin tó ń gbé fóònù ní yàrá kékeré ẹ̀yìn káńsù nígbà tí ilé bá ń jó, tí aboyún bá ń rọbí, tí ọ̀kadà bá gbé èèyàn ṣubú. Ọdún mẹ́jọ rèé tí ẹnì kejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ti fẹ̀yìn tì. Ọdún mẹ́jọ rèé tó ti ń dá a ṣe!

Bó ṣe ń ṣe é kò sí nínú ìwé kankan. Ẹ̀yin ará Àpáta-Ìgbín, ẹ mọ ara yín. Ẹ kì í sọ ohun tó ń ṣe yín láìkọ́kọ́ kí èèyàn. Òrùlé ń jó lórí yín, ẹ óò kí Ṣíjúadé kú iṣẹ́, ẹ óò béèrè àwọn ọmọ, ẹ óò tún béèrè orí tó ń fọ́ ọ lọ́jọ́sí. Ṣíjúadé á máa dá yín lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Àmọ́ ó ti mọ ohùn yín. Ó ti mọ agbolé yín. Ó ti gbọ́ bí èémí yín ṣe ń sáré. Ọwọ́ ló máa fi júwe fún Ṣàkírù, awakọ̀ áńbúláǹsì, láti ojú fèrèsé. Kí ẹ tó béèrè ọmọ ìkẹyìn, ọkọ̀ ti kọjá oríta.

Ní ọjọ́ méjìlá sẹ́yìn, fóònù náà dún. Aládùúgbò ìyá Ṣíjúadé ni. Ìyá ti yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, kò lè dìde. Ṣíjúadé júwe fún Ṣàkírù. Ó dìde, ó fẹ́ wọ ọkọ̀ tẹ̀lé e. Fóònù tún dún. Ó jókòó padà. Ojú fèrèsé rẹ̀ ni wọ́n gbé ìyá rẹ̀ kọjá lọ sí ọsibítù ìlú kejì. Títí di àárọ̀ yìí, kò tíì fojú kàn án, nítorí kò sí ẹni tó máa gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìdajì ọjọ́. Ó ń dùn ún. Ó ń dùn ún gan-an ni! Ó wá kọ̀wé sí káńsù pé ohun kan ṣoṣo lòun ń tọrọ, ẹnì kejì.

Káńsù ṣèpàdé lórí ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n jẹ ẹran, wọ́n mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Wọ́n ní ayé ti lajú, Àpáta-Ìgbín náà gbọ́dọ̀ lajú. Wọ́n ra ẹ̀rọ! Ẹ̀rọ tuntun! Ẹ̀rọ ńlá tó ń dá gbé ìpè! Wọ́n ra ẹ̀rọ, wọn kò ra tábìlì. Orí àga Ṣíjúadé ni wọ́n gbé e kà. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ ló ń jókòó, Ṣíjúadé ló ń dúró.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni iná sọ ní abà iṣu Bàbá Láoṣebíkan. Bàbá pe ẹ̀rọ. Ohùn ọmọdébìnrin kan ní kó tẹ oókan fún iná, kó tẹ eéjì fún àìsàn. Bàbá ń retí kí ọmọ náà kí òun. Ọmọ kò kí i. Bàbá ṣe sùúrù, ó fúnra rẹ̀ kí ọmọ. Ọmọ kò dáhùn. Bàbá pa fóònù. Ó pè lẹ́ẹ̀kejì láti béèrè ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ. Ó pè lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé fóònù sétí ìyàwó rẹ̀ kí ìyẹn náà wá gbọ́ ìwà àfojúdi. Kí wọ́n tó rántí iná, iṣu ti jinná. Gbogbo àdúgbò jẹ iṣu sísun títí dalẹ́. Bàbá nìkan ni kò jẹ, omijé ló ń nù.

Ìdí nìyẹn tí káńsù fi ṣòfin. Ẹ gbọ́ o!

Àṣẹ kìíní! Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kí ẹ̀rọ pàjáwìrì mọ́. Ẹ má kí i kú àárọ̀. Ẹ má kí i kú iṣẹ́. Ẹ má béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, kò bí ọ̀kan. Ẹni tó bá kí i, wọ́n á dè é mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta, orin tí ẹ̀rọ fi ń dá èèyàn dúró ni yóò máa gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko!

Àṣẹ kejì! Ẹ̀rọ kò mọ ẹ̀yìn ilé alágbẹ̀dẹ. Kò mọ ilé onílẹ̀kùn àwọ̀ ewé. Nọ́ńbà ilé ló mọ̀. Torí náà, ilé kankan kò gbọ́dọ̀ jó láìní nọ́ńbà! Ọjọ́bọ̀ nìkan ni káńsù ń kọ nọ́ńbà sára ilé. Iná tó bá sọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó dúró de Ọjọ́bọ̀.

Àṣẹ kẹta! Aboyún tó bá ń rọbí, tó bá ṣèèṣì tẹ nọ́ńbà iná, kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ inú náà, kó bá a padà.

Àṣẹ kẹrin! Ẹni tí ejò bá bù jẹ gbọ́dọ̀ sọ irú ejò náà fún ẹ̀rọ. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó lọ bi ejò. Ẹni tó bá pe ejò ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ti ṣẹ̀ sí káńsù, ó ti ṣẹ̀ sí ejò!

Àṣẹ karùn-ún! Iná mànàmáná ni ẹ̀rọ ń lò. Nígbà tí kò bá sí iná, kò sí pàjáwìrì! Akéde tún un sọ o: kò sí iná, kò sí pàjáwìrì! Ẹni tó bá dákú nínú òkùnkùn, ara rẹ̀ ló dákú fún.

Àṣẹ kẹfà! Káńsù mọ rírì Ṣíjúadé. Káńsù pàtẹ́wọ́ fún un. Káńsù fún un ní ìwé ẹ̀yẹ nínú férémù, ó sì fi í joyè Olùtọ́jú Ẹ̀rọ, kó máa nu eruku ara ẹ̀rọ náà. Tó bá tún sọ pé ó rẹ òun, ìwé ẹ̀yẹ kejì ni wọ́n máa fún un.

Àṣẹ keje! Fóònù alágbèéká tí káńsù ṣẹ̀ṣẹ̀ fún Ṣíjúadé kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú ọgbà káńsù. Wọn kò gbọ́dọ̀ pa á, tọ̀sán-tòru, nítorí pé ìdílé Alága àti gbogbo káńsẹ́lọ̀ kò lè máa fi ẹ̀mí ara wọn ṣeré lọ́dọ̀ ẹ̀rọ. Nọ́ńbà fóònù náà wà nísàlẹ̀ ìwé yìí. Kí akéde má ka àṣẹ keje síta.

Háà! Akéde ti kà á. Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní kó kà á délẹ̀ ni. Ó sì ku nọ́ńbà nísàlẹ̀. Ó di dandan kó kà á. Ó ti kà á! Ẹ yé tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù yín báyìí!

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ dákẹ́! Alága ń sáré bọ̀ láti inú káńsù, fìlà rẹ̀ ti jábọ́. Ẹ̀yin kan ń rẹ́rìn-ín. Ṣíjúadé tó dúró láàárín yín kò rẹ́rìn-ín. Ó ń sunkún. Wọ́n ti mọ̀ pé kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ wọn kò lè fún un ní ìdajì ọjọ́ kó lọ wo ìyá rẹ̀. Ó nu ojú. Ó jáde síwájú. Ó kúnlẹ̀ kí Alága dáadáa, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ. Ó fi fóònù náà lé Alága lọ́wọ́. Àṣẹ ní kí fóònù má kúrò ní káńsù, kò ní kí Ṣíjúadé má kúrò. Ó ti kọjú sí gáréèjì. Ẹ yà fún un. Ẹ yà fún un o! Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń retí ń kọjá lọ.

Fóònù ti ń dún lọ́wọ́ Alága. Alága gbé e. Obìnrin kan ni, ó ń kí i. Alága ní kó sọ ohun tó ń ṣe é. Obìnrin náà ṣì ń kí i. Ó kí i tán, ó ní ọ̀kadà gbá ẹ̀gbọ́n òun lẹ́bàá odò; Alága ké sí Ṣàkírù, ọkọ̀ gbéra. Ó tún dún, ọmọ kan gbé kọ́bọ̀ mì. Ó tún dún. Alága ń làágùn. Ó fẹ́ tọ̀, kò rí ẹni tó máa gba fóònù. Ó tún dún! Ó fajú ro, ó fọwọ́ pe akéde, ó já ìwé gbà, ó fi ẹsẹ̀ kan dúró, ó kọ ìlà kan sẹ́yìn rẹ̀, ó fọwọ́ sí i.

Àṣẹ kẹjọ! Káńsù ń wá ẹnì kejì sídìí fóònù pàjáwìrì. Kíákíá! Lónìí yìí! Nítorí pé iṣẹ́ náà ju ohun tí ẹnì kan ṣoṣo lè dá ṣe.

Akéde ti ka tiwájú, ó ti ka tẹ̀yìn. Ẹni tó kọ ìwé ló ni òfin, akéde kàn ní ohùn ni. Ó dọwọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ létí o!